Ìwé Ìṣirò

Nígbà tí Adétutù ní Ìtàn Amẹ́ríkà lòun yóò kà ní Àgọ́-Ìwòyè,
obì ni mò ń ṣà lọ́wọ́ níwájú ilé wa ní Ṣagamu,
mo ń ya àbàtà sọ́tọ̀, mo ń ya gbànja sọ́tọ̀,
èyí tí kòkòrò ti jẹ, mo ń sọ ọ́ sẹ́yìn.
N kò gbójú sókè.
Mo ní, "Ta ló kú níbẹ̀ tí o fẹ́ lọ jogún?"
Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ Ṣówándé ń kọ́ òfin. Ọmọ Ọ̀nàfowókàn ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń po oògùn.
Wọ́n á ní, tìrẹ ńkọ́?
Màá wúkọ́. Màá ní ìwé ni, ìwé ńlá ni.
Tíṣà Ṣówémìmọ́ nìkan ló gbè mí lẹ́yìn,
ó ní ẹni tó bá mọ bí ilé aládùúgbò ṣe jó
yóò mọ ibi tí òun ń gbé fìtílà sí.

Lọ́dún kẹta wọ́n ní kó lọ lo oṣù mẹ́wàá ní Fajíníà,
kó lọ fojú rí ohun tó ń kà.
Àpò gbànja mẹ́tàdínlógún ló bá owó ọkọ̀ òfuurufú lọ.
Ìyá rẹ̀ rọ gààrí Ìjẹ̀bú sínú ike,
ó fi sẹ́lótéèpù wé e bí ẹsẹ̀ tó dá,
ó ní kíkan rẹ̀ ni yóò máa pè é wálé.

Alẹ́ Sátidé ló máa ń pè; ọ̀sán ló jẹ́ lọ́dọ̀ tirẹ̀.
"Bàbá, taba ni wọ́n ń gbìn níhìn-ín, abà ni wọ́n ń so ó rọ̀ sí."
Èyí yé mi. Ohun tí a gbìn, tí a sá, tí a tà, ó yé mi.
Sátidé kan, ó ní òun rí ìwé ìṣirò olóko kan,
wọ́n ní kí òun fọwọ́ kí òun tó ṣí i.
Màlúù mẹ́rìnlá. Ẹṣin mẹ́ta. Ìkòkò irin méjì.
Lẹ́yìn ìkòkò, ènìyàn:
Tọ́ọ̀mù, iye báyìí. Hánà, iye báyìí.
Ọmọ Hánà, kò lórúkọ, iye báyìí.
Ó dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ,
mo ń pariwo "hẹ́lò, hẹ́lò" títí gbogbo ilé fi jí.

"Bàbá, ta ló bí bàbá yín?"
Ọ̀ṣínówò.
"Ta ló bí Ọ̀ṣínówò?"
Mo wo àjà. Aláǹgbá kan wà níbẹ̀, òun náà ń wò mí.
Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó jẹ mí lówó obì
láti Ṣagamu títí dé Kánò!

Ó di Ìṣarà, lọ́dọ̀ Ìyá Wúràọlá, àbúrò bàbá mi.
Ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó bó o títí, kò dá mi lóhùn.
Lẹ́yìn náà ló ní,
"Òun ló kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ládùúgbò yìí.
A kì í dárúkọ rẹ̀.
Ohun tó máa ń kó lọ sétí ọ̀sà Ìkòròdú,
kì í ṣe obì."
Ó sọ orúkọ náà sí mi létí bí ẹni tó ń san gbèsè,
ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lórí aṣọ rẹ̀,
ó ní ṣé màá jẹ ìkọ́kọrẹ́.

Mo jẹ ẹ́. N kò mọ adùn rẹ̀.
Mo kọ orúkọ náà sínú ìwé ìṣirò mi,
lábẹ́ àpò mẹ́ta tí Àlàájì Dànládì kò tíì san,
lókè owó dísù.
N kò mọ iye tí mo lè kọ síwájú rẹ̀.

Sátidé ti dé.
Fóònù ń dún lórí àpò obì.
Ìyá rẹ̀ ní, "Ṣé o kò ní í gbé e ni?"