Igi Kẹtàlá

Òkè Dúdú ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa,
òkè tó ki ẹsẹ̀ bọ inú òkun
tí kò sọ pé omi tutù.
Ilẹ̀ náà kéré: bí Milúnà bá sín ní Bárì,
darandaran orí òkè á ní, "Pẹ̀lẹ́ o."

Àwọn Tọ́kì dé, wọ́n lọ.
Àwọn ará Fẹ́níìsì mọ odi, wọ́n fi sílẹ̀ fún ológbò.
Orúkọ orílẹ̀-èdè yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú Milúnà,
kò sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, ọkùnrin tí kò bá gbin ólífì
kò gbọdọ̀ gbéyàwó.
Rádóyè gbin méjìlá sáàárín àpáta,
apẹ̀rẹ̀ ló fi ru iyẹ̀pẹ̀ gòkè,
èjìká rẹ̀ bó.
Bàbá Milúnà kà wọ́n.
Ó ní, "Ọ̀kan ti gbẹ."
Rádóyè sọ̀ kalẹ̀ lọ wá iyẹ̀pẹ̀.

Rádóyè ti kú. Ọmọ wọn wà ní Jámánì.
Ní Oṣù Kọkànlá, Milúnà tẹ́ àwọ̀n sábẹ́ igi,
ó ń fi ọ̀pá lu ẹ̀ka,
ó ń bá ìkẹtàlá wí:
"Ìwọ lo dá ìgbéyàwó mi dúró fún ọdún kan gbáko.
So dáadáa."