Òṣó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ibùsùn

Ọjọ́ kọkànlá tí wọ́n ti Ifẹ̀ gbé yín padà wá sí Iléṣà
ni mo kọ́kọ́ gbọ́ òórùn náà.
Kì í ṣe òórùn oògùn, mo mọ ìyẹn.
Eléyìí dùn díẹ̀, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n kọjá ààlà,
abẹ́ báńdéèjì ẹsẹ̀ ló sì ti ń wá.

Àyà ni gbogbo ẹbí ń wò,
àyà tí wọ́n fi ayùn là bí igi ìrókò,
tí wọ́n wá fi wáyà so padà
bí ẹni so ẹnu àpò kòkó.
Kò sẹ́ni tó wo ojúgun òsì,
níbi tí dókítà ti yọ iṣan gígùn kan
láti fi la àbùjá fún ẹ̀jẹ̀
níbi tí ọ̀nà ọkàn ti dí.
Ẹsẹ̀ ló yá ọkàn ní nǹkan.
Ta ló bi ẹsẹ̀ pé, báwo lara?

Baba Fálọbí, òṣómàáàlò ni yín nígbà kan.
Ẹ máa ń sọ ọ́ fún mi bí mo bá ń yọ òwú:
bí ẹ ṣe ru aṣọ dé ilẹ̀ Ìgbómìnà,
dé ìlú tí ẹ ò mọ orúkọ ọba wọn,
ẹ tà á láwìn, ẹ padà lọ́jọ́ tí àdéhùn pé,
ẹ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè,
ẹ ò jẹ, ẹ ò mu, ẹ ò sì bínú.
"Òṣó ni màá lò títí n ó fi gbowó mi."
"Sùúrù ni," lẹ wí. "Ariwo kì í gbowó."

Ó dáa. Ẹni tó lóṣòó ti ẹsẹ̀ yín báyìí
kò pariwo.
Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n ìwé gbèsè wà lọ́wọ́ rẹ̀:
ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ gbé kiri fún ọdún mẹ́rìndínlógún,
tí ẹ ń pè ní ooru ara lásán;
sìgá. Wọ́n ní ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko,
iná tiyín ò dé oko rí, ètè ló ń jó sí,
títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ wọ ọsibítù;
ikùn tí iyán alaalẹ́ mọ bí ẹni mọ odi;
wákàtí méje lábẹ́ iná tábìlì iṣẹ́ abẹ;
àti ọjọ́ orí, èyí tí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Mi ò sọ ọ́ jáde o.
A kì í ka gbèsè sí aláìsàn létí láago mẹ́ta òru.
Mo gún ìka yín, mo wo iye tó jáde,
mo ní, "Kí lẹ jẹ lálẹ́?"
Ẹ gbójú sókè àjà.
Ìyá Wúràọlá wolẹ̀.
Ó pẹ́ kó tó sọ pé ará ìjọ kan gbé ògì wá,
pé àwọn po ṣúgà sí i díẹ̀, díẹ̀ péré,
kí Baba lè lágbára.

Èmi náà wà nínú ìwé yẹn.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí omi ẹ̀rọ dá,
garawa kan ni gbogbo wọ́ọ̀dù pín.
Mo fọwọ́. Ṣé mo fọ̀ ọ́ tó?
Láti Ìṣẹ́gun ni mo ti ń wo ìka mi
bí ẹni ń wo ọmọ tó jalè.

Mo tú báńdéèjì. Okùn méjì ti já.
Ẹran ibẹ̀ pọ́n, ó gbóná bí ìdí àtùpà,
ọyún sì yọ bí mo ti tẹ ẹ́.
Ẹ ò ké. Ẹ kàn di irin ibùsùn mú.
Mo rán ọmọ kékeré kan lọ jí dókítà.

Mo wá lóṣòó,
kí ojú mi lè bá ojú ọgbẹ́ dọ́gba,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi omi oníyọ̀ ṣàn án.
Ẹ wolẹ̀, ẹ rí mi, ẹ rẹ́rìn-ín
fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan:
"Ìwọ náà lóṣòó. Gbèsè wo lo wá gbà?"
Mo ní, ẹsẹ̀ yín ni, Baba.
Ẹ fìdí mọ́lẹ̀. Òru ṣì gùn.