Ìgò Kékeré Lábẹ́ Apá

Mẹ́ta ló kù nínú àpótí kédárì.
Bàbá ti lọ láti oṣù Ọ̀wàrà,
sìgá rẹ̀ kò tẹ̀ lé e.
Ewé tábà tí wọ́n ká ní Nikarágúà,
níbi tí ògiri pàápàá ti ń làágùn,
ló wá bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní àríwá Minnesota,
níbi tí itọ́ ti ń di òkúta kó tó balẹ̀.

Mo mú ọ̀kan. Reino, àbúrò mi, mú ọ̀kan.
Ó ki tirẹ̀ bọ àpò òde,
àárín kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àti ìwọ̀ ẹja.
Mo ní, "Bàbá kì í ṣe é báyìí."
Ó ní, "Aila, tábà ni, kì í ṣe ọmọ tuntun."

Bẹ́ẹ̀, ọmọ tuntun gan-an ni Bàbá fi í ṣe.
Ìgò oògùn ikọ́, tí a fọ̀ títí òórùn fi kúrò;
pátákó kédárì pẹlẹbẹ nínú rẹ̀;
òwú bíńtín, tí omi kàn tọ́ lẹ́nu.
"Bí omi bá pọ̀, á bu. Bí omi bá tán, á fọ́."
Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn ló ń fi wé ìgò náà,
ìbọ̀sẹ̀ ìyá wa, tí ẹnìkejì rẹ̀ ti sọnù,
kó tó kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ apá, lábẹ́ ẹ̀wù mẹ́ta,
níbi tí àyà ti ń dáná tirẹ̀ láìgba igi.

Nítorí òtútù nìkan kọ́ lọ̀tá.
Ọyẹ́ tiwa kò ní eruku,
ó mọ́ bí abọ́ tí ẹnìkan ò tíì jẹun nínú rẹ̀,
òùngbẹ sì ń gbẹ ẹ́.
Ó lá ètè, ètè là.
Ó lá gìgísẹ̀, gìgísẹ̀ là.

A gbẹ́ ihò méjì sójú adágún,
a dojú kọ́rọ́bá dé, a jókòó lé e.
Yìnyín ń kérora lábẹ́ wa
bí arúgbó tó ń yí padà lórí ibùsùn.
Títí di ọ̀sán, ẹja kan péré,
kò tó bàtà Reino.

Ó wá fa sìgá rẹ̀ yọ. Ó dún: pẹ́.
Awọ rẹ̀ ti là láti orí dé ìdí.
Ó wò mí. N kò sọ̀rọ̀.
Ohun tí ọyẹ́ lá tó fi là,
Reino tún ń lá a, kó lè pa dé.
Ó fi báńdéèjì tí mo gbé wá nítorí ìka wa dì í lámùrè,
ó ṣáná lẹ́ẹ̀mẹrin.

Èmi ń dúró. Òfin Bàbá nìyẹn pẹ̀lú:
má ṣí ìgò tó ti inú ooru jáde lójijì,
á làágùn, òógùn á di yìnyín lára ewé.
Jẹ́ kó kọ́kọ́ mọ ibi tó dé.

Tirẹ̀ ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan,
báńdéèjì ń rùn bí irun tó kan iná.
Èéfín ni o, èémí ni o, n kò lè yà wọ́n,
funfun ni méjèèjì.
Ìgbà náà ni afẹ́fẹ́ yí padà sọ́dọ̀ mi:
inú ọkọ̀ àtijọ́, ìjókòó iwájú tó ya,
kọ́ọ̀tù Bàbá lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
ọwọ́ rẹ̀ lórí fìlà mi, tó ń fà á bo etí.

Reino ń wúkọ́. Ó ní, "Kò dùn rárá."
Kò jù ú nù.
Ó fà á títí iná fi dé ìdí báńdéèjì.

Nígbà tí a délé, mo tú ìbọ̀sẹ̀.
Tèmi pé, ó rọ̀ bí etí ọmọdé,
kò sì rántí ẹnikẹ́ni.
Mo dá a padà sínú àpótí.
Méjì ló kù.

Reino ní ká tún lọ lọ́jọ́ Àìkú.
Ó ń wá ìbọ̀sẹ̀ kiri.