Ọkọ̀ Ẹlẹ́ni Méjì

Ara ògiri ilé ìdáná ni mo kọ́kọ́ yà á sí,
èédú ni mo fi yà á, ní Òde-Omi,
níbi tí ọ̀sà wà lẹ́yìn ilé, tí òkun wà níwájú.
Ẹ̀bùn wò ó títí. "Ṣé abẹ́rẹ́ nìyí ni, àbí ọkọ̀?"
Mo ní ọkọ̀ ni. Ẹni méjì ni yóò gbé.
"Ta ni ìkejì?"
Mo dákẹ́.

Àkọ́kọ́ tóóró, ínṣì mẹ́rìndínlógún péré.
Ó sáré. Mo fi irin búra, ó sáré,
lórí ọ̀sà, láàárọ̀, nígbà tí omi sùn bí epo inú àwo.
Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé e dé òkun,
ìgbì àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ bi wá léèrè orúkọ.
Ẹ̀ẹ̀mọkànlá la ṣubú kí oòrùn tó kan àtàrí.
Ẹ̀bùn tu iyọ̀ sílẹ̀, ó ní òun kú nígbà mẹ́wàá,
ìkọkànlá, ẹ̀rín ló fẹ́ pa òun.

Ìkejì, mo ṣe é fífẹ̀.
Ó jókòó sórí omi bí àlejò tí kò fẹ́ lọ sílé,
ewúrẹ́ lè bímọ sínú rẹ̀ kó má mì.
Àwọn apẹja ń wà kọjá lára wa,
wọ́n ń béèrè bóyá ilé la fẹ́ kọ́ síbẹ̀.

Mo gbé èyí tóóró padà, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Odùnúgà,
agbẹ́kọ̀ àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ríran.
Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tọ̀ ọ́ láti imú dé ìrù,
bí ẹni tí ń wá egungun lára ẹja ọmọdé.
Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn. Ó tún dúró.
"Ibí lẹ ń fìdí lé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
"Ibẹ̀ nìkan ni kó fẹ̀. Ìyókù, jẹ́ kí ebi pa á.
Kó o sì gbé imú rẹ̀ sókè díẹ̀;
ọkọ̀ tó bá nà gbọnrangandan, inú ìgbì ni yóò fi imú walẹ̀ sí."
Mo ní, fífẹ̀ yẹn, ínṣì mélòó?
Ó tẹ́ ìka mẹ́rin sórí pákó.
Mo fi tépù wọ̀n ọ́n: ínṣì mẹ́ta àti díẹ̀.
"Díẹ̀" yẹn ni mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ sílẹ̀.

Oṣù mẹ́ta. Pílaúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fáíbà,
gúlúù tí mo rà ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo gbé gba Àbígí,
tó ta sí ṣòkòtò tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.
Mo lu ihò méjì sí ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀,
kí omi tó bá wọlé lè rántí ọ̀nà ilé.
Mo fi okùn so ìtọ́kọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹni iwájú.

Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.
"Ìwọ lo kàn án," Ẹ̀bùn ní, "èmi ni mo mọ òkun."
Òótọ́ ni. Ìyá rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ, ti fi àjẹ̀ lé e lọ́wọ́
kí ẹnikẹ́ni tó fi ṣọ́ọ̀kì lé e.
Mo lọ sẹ́yìn.

Ẹni ẹ̀yìn kì í rí ìgbì.
Ẹ̀yìn ọrùn ẹni iwájú ló ń rí,
iyọ̀ tó gbẹ síbẹ̀, irun tó já kúrò nínú dídì.
Bí èjìká rẹ̀ bá sọ̀, mo sọ̀.
Bó bá fa àjẹ̀, mo fà.
Ìgbì kẹta gbé wa.
Ọkọ̀ mì, ó fẹ́ dànù, ó rò ó,
ìka mẹ́rin afọ́jú náà tẹ omi mọ́lẹ̀,
a sì ń sáré, a ń sáré,
Ẹ̀bùn ń pariwo ohun kan tí atẹ́gùn ń gbé lọ.

Ní èbúté mo bi í: kí lo ń pariwo?
"Mo ní kó o yéé mí sí mi lọ́rùn."

Lálẹ́, mo wọ ilé ìdáná lọ bu omi.
Ẹnì kan ti fi èédú kán àmì méjì
sínú abẹ́rẹ́ mi lára ògiri.
Ti iwájú ló tóbi jù.