Bọ́tìnì Keje

Àìsàn náà wọlé lóru ọjọ́ Àlàmísì,
ó mú ọwọ́ ọ̀tún, ó mú ohùn,
ó fi ojú sílẹ̀ fún Ìyá Mùtíátù,
ojú tó ń sọ̀rọ̀ ju rédíò lọ.

Èmi tí mò ń tún fóònù ṣe l'Álẹ́kúwódò,
oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó ti wáyà àti òjé.
Mo ṣe ẹ̀rọ kan, kò ju páálí ìṣáná lọ,
bọ́tìnì mẹ́fà, okùn bíi ti aago ọwọ́.
Tẹ èyí: omi. Èyí: ó ń dùn mí.
Èyí: igbá abẹ́rẹ́. Èyí: ẹ ṣé o.
Mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn
bí ẹni gbé ìkókó.

Wọ́n wò ó. Wọ́n wo ọwọ́ òsì wọn.
Wọ́n na okùn náà sí mi:
ta ni yóò dè é?
Ọwọ́ méjì ni okùn mi ń bèèrè
lọ́wọ́ ẹni tó ku ẹyọ kan.
Ojú tì mí. Mo dè é.

Wọ́n tẹ igbá abẹ́rẹ́.
Ẹ̀rọ ní: igba abẹ́rẹ́.
Jìmọ́ọ̀, ọmọ iṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í kà á,
ó ti dé mọ́kàndínlógójì kí n tó dá a dúró.
Ohùn tí mo rà kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀;
ó lè sọ ọkọ wọn tó ti kú di ọkọ́ oko.
Ìyá fi apá kan ẹnu rẹ́rìn-ín,
omi bọ́ lójú kejì.

A tún un ṣe.
Rárá o, àwọn ló tún un ṣe,
èmi kàn ń bá wọn di àlùmọ́gàjí mú.
Wọ́n gé okùn aago dànù.
Wọ́n ní kí Jìmọ́ọ̀ rán ẹ̀rọ mọ́ téèpù ìwọnsọ,
èyí tó ti wà lọ́rùn wọn kí wọ́n tó bí mi.
Bọ́tìnì jákẹ́ẹ̀tì ńláńlá rọ́pò tèmi,
ọ̀kan dán, ọ̀kan rí pàlàpàlà,
kí ìka lè mọ̀ wọ́n nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.
Mùtíátù fi ohùn Òṣogbo ka ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀,
tòun ti ikọ́.

Síbẹ̀ wọ́n na ìka márùn-ún, wọ́n tún na méjì.
Keje? Ti dókítà ni? Ti àdúrà?
Wọ́n mi orí.
Oníbàárà kan wọlé, ó ní ẹgbẹ̀rún kan lòun á san
fún bùbá àti ṣòkòtò.
Wọ́n wò ó. Wọ́n wò mí.

Tí ẹ bá ń kọjá, tí ẹ gbọ́
"Ṣíọ̀ọ̀! Lọ rán an fúnra ẹ!"
bọ́tìnì keje nìyẹn.
Èmi ò rò ó.
Mo ti rò pé ìrora àti ọpẹ́
nìkan ni aláìsàn ní láti sọ.