Obìnrin Tó Ń Sọ̀kalẹ̀

Náírà márùn-ún la san fún Búráímọ̀ Onífídíò
ní Òkè Balógun, lọ́dún tí ọ̀sà kún wọ ilé àwọn ará ìsàlẹ̀.
Bẹ́ǹṣì mẹ́fà, aṣọ funfun lára ògiri,
jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ lẹ́yìnkùlé
bí àgbàlagbà tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọn ò fún láàyè.

Obìnrin kan wọ kóòtù aláwọ̀ ìyeyè,
ó ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.
Ó tún sọ̀kalẹ̀.
Ó sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta,
a ò sì rí i kó gòkè rí.
Ẹja kan wà nínú dúrọ́ọ̀, láàárín ìwé, ó ń mí.
Ọkùnrin kan ń ka lẹ́tà, omi ń dà lójú rẹ̀,
ó yí bébà náà sí wa: kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Ta ló ṣẹ ta? Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè wọn.
Obìnrin náà di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú,
ó ku díẹ̀ kó ṣí i,
epo tán.
Búráímọ̀ ní owó kì í padà.

Ẹ wá wo ìjà!
Àwọn Èkó-Èpé ní òkú ni, sàréè rẹ̀ ló ń wá.
Àwọn Ìjẹ̀bú-Èpé ní òkú kọ́, gbèsè ló jẹ,
ajigbèsè ló ń yọ́ gba ẹ̀yìn ilé.
Ṣèfíyátù tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ní
òun ò mọ ti obìnrin, ṣùgbọ́n ẹja yẹn, ọ̀bọ̀kún ni.
Ó fi Ọlọ́run búra.
Ìyẹn nìkan la fẹnu kò lé lórí.

Mùnírù ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló rẹ́rìn-ín nínú òkùnkùn.
Ó ní, "Ó ti yé mi."
Mo ní kó sọ ọ́. Ó ní oorun ń kun òun, ó di àárọ̀.
Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tó fi gbé ọkọ̀, ó dorí kọ Ejìnrìn.
A rí àjẹ̀.
A rí bàtà kan, ti ẹsẹ̀ òsì.

Ìyá mi kò wo fíìmù rí,
àmọ́ láti ìgbà náà kì í ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lálẹ́.

Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún, mo rí fíìmù náà lódindi.
Ó ṣí ilẹ̀kùn. Àtẹ̀gùn ló wà lẹ́yìn rẹ̀.
Ó sọ̀kalẹ̀. Ó tán.
Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún wò ó, mo tún dá a padà,
mo ń wá ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti rẹ́rìn-ín.

Òjò rọ̀ lánàá. Mo wà ní Màrínà, níbi tí ọkọ̀ ti ń gúnlẹ̀.
Ẹnìkan wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ìyeyè,
ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sétí omi.
N kò pè é.
Mo jókòó sórí gálọ́ọ̀nù tí n kò mọ ẹni tó ni ín,
mo ń kà:
ẹ̀ẹ̀kan.