Ẹ̀ka Ápù Bàbá-Bàbá Rẹ

Vinko, mo ti gbọ́.
Orí rẹ ni, ọrùn rẹ ni, ẹ̀yìn rẹ ni.
Ẹ̀ẹ̀mẹta lo sọ ọ́ nídìí oúnjẹ alẹ́ àná,
ṣíbí lọ́wọ́ bí ọ̀pá àṣẹ,
ọbẹ̀ sì ń tutù.
Ìjọba Slofíníà kò bí ọ,
kò ní í sọ bí wàá ṣe jókòó
lórí katakata tí o fi owó màlúù mẹ́rin rà.

N kò bá ọ jiyàn.
Ẹni tó ní òun ló ni ara òun, kò parọ́.

Ṣùgbọ́n láàárọ̀ tí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn wa,
tí katakata Tine ti dojú dé ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè,
ara ta ni a gbé?
Ìwọ di ẹsẹ̀ mú, èmi di apá mú.
Rozalija ìyàwó rẹ̀ dúró nínú koríko, ìrì ò tíì gbẹ,
ó di bàtà kan mọ́ àyà,
ó ń bi gbogbo wa léèrè ibi tí èkejì wà.
A wá a títí. A ò rí i.
Ọ̀pá irin tó yẹ kó dúró lẹ́yìn àga rẹ̀
wà nílé, lẹ́yìn ilé ẹran,
adìẹ ń sùn lórí rẹ̀.
Tine ní ó ń dí òun lọ́wọ́ lábẹ́ igi.

Tìrẹ náà ń dí ọ lọ́wọ́ lábẹ́ igi.
Ọdún tí a ra katakata lo ti ká a wálẹ̀,
ó ti dípẹtà síbi tí o ká a sí.
Bẹ́líìtì sì rèé, o jókòó lé e bí ẹni jókòó lé ìwé gbèsè.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni.
Ẹ̀ka igi ápù tí bàbá-bàbá rẹ gbìn,
tó nà dábùú ọ̀nà pápá òkè,
tó rẹlẹ̀ débi pé èèyàn ní láti tẹríba kó tó kọjá.
O fẹ́ràn ìtẹríba yẹn.
O ní bí o ṣe ń kí bàbá àgbà nìyẹn.

N kò wí nǹkan kan.
Mo dúró di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí o lọ ta ọmọ màlúù ní Tolmin.
Mo gbé ayùn. Mo gun àkàbà.
Mo dé akoto tí mo fi ń gun alùpùpù nígbà ọmọge,
rẹ́rìn-ín bí o bá fẹ́, àwọ̀ pupa rẹ̀ ti ṣí,
ṣùgbọ́n orí kan ni mo ní, mo ṣì ń lò ó.
Igi àtijọ́ le. Aago mẹ́sàn-án ni mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán pọ́n kí ó tó já.
Ilẹ̀ mì. Àwọn ápù tí kò tíì pọ́n
ń yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀,
wọn ò dúró, wọn ò dúró, ó di etí odò.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń gbé lórí òkè yìí,
ọjọ́ yẹn ni mo rí bó ṣe ga tó.

O dé. O rí i. Ọjọ́ mẹ́rin, o ò bá mi sọ̀rọ̀.
Ọjọ́ karùn-ún, mo gbọ́ òòlù lẹ́yìn ilé,
kọ̀, kọ̀, kọ̀, o ń lu irin,
o sì ń bú u bí ẹni ń bú àna rẹ̀.
Nígbà tí o wakọ̀ kọjá lójú fèrèsé,
ọ̀pá náà dúró ṣánṣán lẹ́yìn rẹ.
O dé ibi tí ẹ̀ka wà tẹ́lẹ̀.
Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.
O tẹríba.

Bẹ́líìtì ńkọ́?
O ṣì jókòó lé e.
Ọ̀pá láìsí bẹ́líìtì, òrùlé láìsí ògiri ni:
katakata á yí, òrùlé á dúró, onílé á fò jáde.
Mo mọ̀. Ìwọ náà mọ̀.
Orí rẹ ni, Vinko,
àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ tó ń tutù lóru,
àárín ẹsẹ̀ tèmi ló ti ń móoru.

Lónìí mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ bẹ́líìtì náà.
Mo sá a sóòrùn. Mo tẹ́ ẹ dábùú àga,
kí o má baà ríbi jókòó
láì kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.